Kérésì Tí Yínká Ṣe Lẹ́yìn Àgádágodo

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ sún mọ́bí kí ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí ó ti ara rẹ̀ mọ́lé lọ́jọ́ Kérésì, ní ìlú tí kì í ṣe tiẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ se ìrẹsì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí tí ó ní kí n kọ ọ́ fún yín. Mo bi í léèrè bóyá kí n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó ní, "Má yí nǹkan kan padà. Gbogbo àdúgbò Poudrière ló kúkú ti mọ̀."

Yínká ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àǹkárá ló ń tà ní ọjà Wadata ní Niamey, olú-ìlú Niger, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìparí ọdún 2007. Àdìgún ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ló wà nílé. Yínká a máa lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ti Kérésì ni kì í sì í yẹ̀.

Ẹ tún mọ èyí mọ́ ọn: obìnrin yìí mọ oúnjẹ sè. Bí Yínká bá se ìrẹsì, ẹni tó ti yó á tún padà wá jókòó. Nítorí náà, ibi gbogbo tí ó bá dé, ṣíbí ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Niamey, òun ni olórí ìgbìmọ̀ oúnjẹ. Nínú ọgbà ilé tí ó háyà sí ní Poudrière, bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, òun ni wọn á ní kó wá bá àwọn wo ìkòkò. Nílé ọkọ ńkọ́? Ìyàwó àgbà ni. Ní gbogbo ọjọ́ Kérésì, láti ìdájí ló ti ń dáná fún ogójì ènìyàn, títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó gooro.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, Àdìgún tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ìyá Ṣẹ́gun, Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́dún yìí. A ó tó ọgọ́ta."

"Ọgọ́ta?"

"Wọ́n ní kí o tètè dé, kí o lè bá wọn yan adìẹ."

Yínká pa fóònù, ó jókòó sórí ìdì aṣọ. Ibẹ̀ ni Fàrídà bá a. Ọmọ Yorùbá ni Fàrídà, ṣùgbọ́n Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan, Harobanda lódìkejì odò ló ń gbé. Oníbàárà Yínká ni, ó sì ti di ọ̀rẹ́.

"Tántì, kí ló ṣe yín? Ojú yín ò dáa."

"Kérésì ni."

"Ah bon? Kérésì máa ń dùn."

"Ó máa ń dùn fún ẹni tó ń jẹ ẹ́."

Yínká wá rojọ́ ọgọ́ta ènìyàn náà fún un. Fàrídà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tántì, ẹ mú fakáǹsì, ẹ gba ìsinmi. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó yẹn, tó bá ti di Kérésì, ó máa lọ sí ibì kan. Òun nìkan. Ó máa sùn, ó máa ka ìwé. Kò ní se nǹkan kan."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ rẹ̀ máa wà ní ilé rẹ̀."

Yínká rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ han òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọ takisí, ó bá a délé. Bí ó bá ń tà, á máa ro ó: kí ènìyàn sùn di aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Kérésì. Bí ó bá ń wẹ̀, á tún máa ro ó: kí ẹnikẹ́ni má pariwo "Ìyá Ṣẹ́gun, iyọ̀ dà?" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìṣòro kan ló wà. Bí ó bá sọ fún àwọn ará ilé pé òun kò wá, tí ó sì dúró sí Niamey ní gbangba, pásítọ̀ wọn ti ń rọ̀ ọ́ láti ọdún mélòó kan pé kó jọ̀ọ́ dúró ṣe Kérésì lẹ́ẹ̀kan, kí ìjọ lè jẹ oúnjẹ gidi. Àwọn ará ọgbà wọn ní Poudrière, Mùsùlùmí ni wọ́n, gbogbo Iléyá ni wọ́n sì ń fún un lẹ́ran. Ojú wo ni yóò fi dúró lọ́jọ́ Kérésì láìgbé abọ́ kan jáde? Bí ó bá lọ, ṣíbí. Bí ó bá dúró, ṣíbí.

Ọgbọ́n wá dé. Kí àwọn ará ilé rò pé òun ń ṣàìsàn ní Niamey, kí àwọn ará Niamey sì rò pé òun ti lọ sílé. Ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Irọ́ kan fún ìhà ibí, irọ́ kan fún ìhà ọ̀hún, òun á wà láàárín, á sùn. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á. Ó ní ká má purọ́, inú òun dùn.

Ó pe Àdìgún. "Ẹ̀yìn ló mú mi, Bàbá Ṣẹ́gun. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn."

"Jẹ́ kí n wá."

"Bí ẹ bá wá, ta ni yóò mójú tó àwọn ọmọ? Ẹ dúró. Ó máa lọ."

Àdìgún ní òun á máa gbàdúrà. Ìyẹn gún un díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gbàgbé.

Ọdún yẹn, Iléyá àti Kérésì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn, ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàárín wọn. Ilé mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wọn: ilé Yínká; ilé Boubacar, bàbá arúgbó ẹ̀yà Zarma tó ni ọgbà náà; àti ilé Àfáà Gbàdàmọ́sí, ará Ìlọrin tó ń kọ́ni ní kéwú, pẹ̀lú Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀. Hàbíbátù ni ọ̀rẹ́ Yínká tímọ́tímọ́. Lọ́jọ́ Iléyá, Yínká jẹ ẹran àgbò wọn dáadáa, ó nu ẹnu, ó sì sọ ohun tí ó ti ń sọ láti ọdún mẹ́jọ.

"Àfáà, ẹ ṣeun. Ọjọ́ kan ẹ̀yin náà á wá jẹ Kérésì tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ṣáà béèrè ilé Dáíkìnnì, ilé ọkọ mi, ní Òkè Ẹlẹ́rin."

Ẹ mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń jẹun tí ẹnìkan ń kọjá, a ní "ẹ wá jẹun." Ẹni tó ń kọjá náà mọ èsì rẹ̀: "á gba ibi ire." Kì í fọwọ́ kó wá jókòó. Yínká kò rò ó lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹnikẹ́ni lè wẹwọ́ lórí ìpè yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde. Hàbíbátù dì mọ́ ọn, ó fi ọ̀rá ńlá kan lé e lọ́wọ́. Ẹran àgbò díndín ló wà nínú rẹ̀.

"Fún Ṣẹ́gun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Má jẹ ẹ́ lọ́nà o."

"Èmi? Kí n jẹ ẹran ọmọ?"

Ó wọ takisí, ó gba orí afárá Kennedy kọjá, ó lọ jókòó sílé Fàrídà. Nígbà tí ìrun Jímọ́ọ̀ tó, tí Àfáà àti Boubacar wà ní mọ́ṣáláṣí, tí Hàbíbátù náà ti lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kú ọdún, Fàrídà mú un padà. Yínká wọlé. Fàrídà fi àgádágodo tuntun ti ilẹ̀kùn láti ìta, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wá ṣí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ Sátidé, ó gbé báàgì náà lọ sí Cotonou. Fàrídà náà fẹ́ mú fakáǹsì.

Ọjọ́ kìíní dùn. Yínká sùn, ó jí, ó tún sùn. Yàrá àti pálọ̀ ni ilé rẹ̀, balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ra búrẹ́dì, sàdíìnì, gààrí àti ẹ̀pà pamọ́, nítorí pé kò lè dáná. Bí òórùn àlùbọ́sà bá yọ lójú fèrèsé, ó tán nìyẹn. Ẹ wo alásè tí ogójì ènìyàn máa ń dúró dè lọ́dọọdún, tó ń fi búrẹ́dì gbígbẹ nu ìsàlẹ̀ agolo.

Ọjọ́ kejì, eruku ọyẹ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń wú u sínú ìrọ̀rí. Sàdíìnì ti sú u nígbà yẹn. Ọ̀rá ẹran náà wà lórí tábìlì. Ó ní ẹyọ kan péré ni òun á mú.

Láràárọ̀ ló ń gbọ́ ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Hàbíbátù ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀ fún un. Ó gbọ́ tí Boubacar béèrè ìdí tó fi ń gbá iwájú ilé ẹni tí kò sí nílé. Hausa ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ. Hàbíbátù ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Kí eruku má ba dé ibẹ̀ kó tó dé." Yínká fi ìrọ̀rí bo orí.

Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó gbọ́ tí Àfáà ń di ẹrù. Wọ́n pè é láti Ìlọrin, àbúrò rẹ̀ bímọ. Ìyẹn kò kan Yínká, títí ó fi gbọ́ ohùn Hàbíbátù.

"Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí Ìlọrin?"

"Kò jìnnà rárá. Kò ju wákàtí kan lọ."

"Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Ìyá Ṣẹ́gun ti ń pè yín. Ẹ lọ yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ Kérésì."

"Òótọ́ lo sọ," Àfáà dáhùn. "Ilé Dáíkìnnì, Òkè Ẹlẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n sórí."

Oorun dá lójú Yínká. Ó dìde dúró láàárín pálọ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Ó tẹ Fàrídà láago, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Gbogbo ohun tí ó kù tó lè ṣe ni kí ó pe Àdìgún, kí ó jẹ́wọ́ kí Àfáà tó débẹ̀. Ó ní òun á ṣe é lọ́la. Lọ́la dé, ó ní òun á ṣe é lọ́jọ́ Kérésì gan-an, nígbà tí inú gbogbo wọn bá dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì, ó tan fóònù, ó pe ilé. Ó ti ń pè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì ń sọ̀rọ̀, kí àwọn ará ọgbà má ba gbọ́. Àwọn ará ilé rò pé àìsàn ló gba ohùn rẹ̀. Ṣẹ́gun, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló gbé e.

"Màmá, ṣé ara yín ti yá?"

"Ó ń yá."

"Èmi ò jẹ adìẹ o. Mo ti sọ fún Jésù pé n kò ní jẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn yín á fi san."

Ẹran tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ṣẹ́gun ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yínká.

Àdìgún gba fóònù. "Yínká, ohùn rẹ ti lọ tán."

"Bàbá Ṣẹ́gun," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. N kò..."

Ìgbà yẹn ni ó gbọ́ ẹsẹ̀ Hàbíbátù lẹ́nu ọ̀nà. Ó pa fóònù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fóònù Hàbíbátù dún nínú ọgbà. Yínká gbọ́ tí ó gbé e, tí ó ń kí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọgun. Boubacar jáde. Hàbíbátù ń sọ ọ́ fún un, ó ń sunkún, Yínká sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú.

Àfáà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jẹ. Ó wá béèrè Ìyá Ṣẹ́gun. Wọ́n ní ó ń ṣàìsàn ní Niamey. Ó ní Niamey wo? Lójú òun ló ṣe gbé báàgì jáde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Àdìgún ní òun bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n dúró tì í. Ó ní ó fẹ́ sọ ohun kan, wọ́n sì já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan nílé ọ̀hún sọ ọ́ jáde. Wọ́n ti jí Yínká gbé lọ́nà. Ìyá Àdìgún ti wó lulẹ̀, wọ́n ń da omi lé e lórí.

"Fóònù rẹ̀ kò lọ," Hàbíbátù ní. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Boubacar ní, "A máa lọ sí kọmisáríà, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n máa béèrè fọ́tò. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú ilé. Jẹ́ kí n lọ wá irin, ká já àgádágodo yìí."

Yínká dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣì ń wá irọ́ kẹta. Bóyá òun á sọ pé òun padà láti ọ̀nà. Bóyá òun á sọ pé iyè òun ló rá. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ló ń ro ìyẹn nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó dá a dúró ni pé Hàbíbátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wọn. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sunkún.

"Èmi ni mo fà á. Ó fẹ́ lọ ṣáájú Iléyá, èmi ni mo ní kó dúró bá wa jẹ ẹran. Ká ní n kò dá a dúró ni, ọkọ̀ mìíràn ni ì bá wọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀?"

Yínká kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fi ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Hàbíbátù," ó ní, "má sunkún mọ́. Mo wà níbí."

Ẹkún dá. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí. Hàbíbátù ń ké a'ùúsù bí ẹni tó rí iwin, bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ti dé ẹ̀bá géètì. Àwọn obìnrin tó ti ń wọlé láti bá a kẹ́dùn yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Boubacar nìkan ni kò sá. Mo rò pé eékún rẹ̀ ni kò jẹ́. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

"Irkoy," ó pe Ọlọ́run lédè Zarma. Ó wá fi Hausa béèrè pé, "Ta ni?"

"Èmi ni. Yínká."

"Yínká ti lọ sílé."

"N kò lọ."

Bàbá náà ro ó díẹ̀. "Ta ló wá ti ọ́ mọ́lé?"

"Èmi náà ni."

Àgádágodo náà le. Yínká ló yàn án fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí olè kò lè já. Ó gba Boubacar àti wẹ́dà àdúgbò ní ìdajì wákàtí, láàárín ìgbà yẹn, ọgbà ti kún. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ kọlu agolo sàdíìnì mẹ́tàlá lórí tábìlì, àti obìnrin kan tó ró ìró, tó wé gèlè, bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Hàbíbátù kọjá lára rẹ̀, ó mú ọ̀rá ẹran, ó wo inú rẹ̀. Egungun mẹ́ta ló kù.

"Ẹran ọmọ dà?"

"Mo ti jẹ ẹ́."

Hàbíbátù gbé ọ̀rá náà sílẹ̀, ó jáde. Yínká ní ká ní ó gbá òun létí ni, ì bá sàn.

Ó tan fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bá Màmá sọ̀rọ̀," ni Àdìgún sọ. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti sunkún.

"Ìyàwó mi," ìyá náà ní, "ṣé wọn ò lù ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò jí mi gbé, Màmá. Irọ́ ni mo pa. Oúnjẹ Kérésì ló sú mi. Mo fẹ́ sinmi ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Màmá, èmi ni ìyàwó àgbà. Ẹ̀yin lẹ gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́."

"Èmi? Ó dáa. Ní ọdún kẹta sẹ́yìn, mo ní kí Mọ́rìlíátù se é kí ìwọ jókòó. Kí lo ṣe?"

Mọ́rìlíátù ni ìyàwó àbúrò Àdìgún. Yínká rántí dáadáa. Ó jókòó bí wọ́n ti wí, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dìde lọ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó fi iyọ̀ sí i. Ó fi ata sí i. Ó wá ní kí Mọ́rìlíátù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lọ gé àlùbọ́sà.

"Ọmọ ọlọ́mọ wọ yàrá lọ, ó ń sunkún," ìyá náà ní. "Láti ìgbà náà, ta ló tún láyà láti sún mọ́ ìdáná rẹ? Ìwọ lo gba ṣíbí náà, Yínká. O ò fún ẹnikẹ́ni mọ́. O wá ń sá fún wa."

"Ta ló se tòní?"

"Mọ́rìlíátù. Ọgọ́ta ènìyàn ló jẹ ẹ́, wọ́n sì yó. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló kù tí mo fẹ́ lọ tọ́jú báyìí. Ó dàárọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò gbá iwájú ilé Yínká. Òun ló ń jí gbá tiẹ̀, tó tún ń gbá ti Hàbíbátù mọ́ ọn. Hàbíbátù á dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó, kò ní sọ̀rọ̀. Fàrídà dé láti Cotonou pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu. Ó ní, "Tántì, ẹ ti jáde? Fakáǹsì náà dùn?" Yínká ní kó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Àfáà dé. Yínká kúnlẹ̀ fún un nínú ọgbà. Kò bá a wí.

"Ẹ ti ń pè mí láti ọdún mẹ́jọ, Ìyá Ṣẹ́gun," ó ní. "Mo jẹ́ ìpè. Ẹ ò sí nílé."

Ó wá fà á dìde, ó fún un ní ike tí wọ́n fi rán an láti Ògbómọ̀ṣọ́. Adìẹ díndín ló wà nínú rẹ̀. Mọ́rìlíátù ló dín in. Ó dín in gbẹ dáadáa, kó má ba bàjẹ́ lọ́nà.

Hàbíbátù jáde wá jókòó tì í. Ó na ọwọ́, ó mú itan kan. Ibẹ̀ ni Yínká ti mọ̀ pé ìjà náà ń lọ sópin. Òun náà mú apá adìẹ, ó bù ú jẹ. Ó wá iyọ̀ inú rẹ̀ títí, ó pé. Ó wá ata, kò lé, kò dín. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ń wá ohun tí ó kù sí i, kò rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ìtura ni tàbí ìbànújẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ní kí n sọ fún yín kò gùn: tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín, tí wọ́n bá sì ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó.

Lọ́jọ́ náà, ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù, ó tẹ Mọ́rìlíátù láago.

"Mọ́rìlíátù, adìẹ rẹ dùn."

"Ìyáálé mi, ẹ ní kí ni?"

Yínká tún un sọ, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo ọgbà sì gbọ́ ọ.